Omi Híhó Kọ́ Ni Ti Ewé Yìí

Léonie kò bá Christophe jà. Ẹni tí a bá kà sí là ń bá jà.

Àbúrò Léonie tó ti di olóògbé ló bí Carole, Léonie ló sì tọ́ ọmọ náà dàgbà nínú ilé wọn ní Agbonou, létí títì. Nígbà tí Carole máa lọ́kọ, Christophe yìí ló gbé wálé, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Atakpamé, tí wọ́n ti rán lọ sí Ṣáínà rí fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta péré! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ó rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Kò sí ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní wí pé, "Ní Ṣáínà, a kì í ṣe é báyìí." "A," ó ní. Léonie a máa gbọ́ "a" yẹn, a sì máa yí ojú sí ọ̀nà oko.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn máàsì, tọkọtaya náà dé. Mọ́tò ni Christophe wà wá síbi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Ó kó gbogbo ilé jọ sábẹ́ igi máńgòrò: Ògúnyínká, ẹ̀gbọ́n Léonie, àti Honorine ìyàwó rẹ̀, àti Léonie fúnra rẹ̀. Ó gbé agolo aláwọ̀ ewé kan jáde, ó ní tíì tòótọ́ ni, ewé gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n dì sínú àpò bébà, àti pé òun fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́ ọ wò.

"Dégustation ni wọ́n ń pè é," ó ní.

"Ẹ wo bó ṣe ń dún," ni Honorine wí.

Christophe fa wáyà iná gba ojú fèrèsé, ó tan kẹ́tùlù oníná. Omi hó, ó ń jà, ìdérí ń fò sókè sódò. Bó ti ń hó lọ́wọ́ báyẹn ló dà á lé ewé lórí nínú ìkòkò, ẹ̀kúnwọ́ ewé méjì, èyí tó tó ogún èèyàn mu. Ó dé e. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ ti òkè, ó sọ ti ìkùukùu, ó sọ ti àwọn ọmọbìnrin tó ń já ewé náà ní ìdájí. Honorine ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Gbogbo àkókò yẹn ni ewé ń jóná nínú ìkòkò, Léonie sì ń wo ìkòkò, kò wo Christophe.

Nígbà tí ó bù ú fún wọn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi àkọ́rọ̀ òjò láti orí páànù tó ti dípẹtà. Léonie fi kan ètè. Ó korò ju omi ewúro àkọ́fọ̀ lọ. Ó gbé ife náà sílẹ̀.

Ojú Ògúnyínká fún pọ̀, ọrùn rẹ̀ rọ́. Ó gbé e mì. "Ó dára!" ó ní. "Ó lágbára! Ibà kankan kò ní dúró de èyí." Ó wá na ọwọ́ sí ṣúgà.

"Ní Ṣáínà, a kì í fi ṣúgà sí i," ni Christophe wí. Ṣùgbọ́n Léonie rí i tí òun náà yí ẹ̀yìn díẹ̀, tó ju hóró ṣúgà mẹ́ta sínú tirẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n ní aláriwo. Kò mọ̀ pé ó tún ń purọ́ fún ahọ́n ara rẹ̀.

"Tántì Léonie," ni Christophe wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "wọ́n ní ẹ̀yin náà bá àwọn ará Ṣáínà gbé rí. Abọ́ lẹ ń bá wọn fọ̀, àbí?"

Carole wí pé, "Christophe!" ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Léonie fi dáná fún àwọn ará Ṣáínà tó ń la títì lápá Anié. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Wú ni olórí ilé ìdáná wọn. Òun ló kọ́ Léonie ní tíì. Bàbá náà á gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á dà á nù sílẹ̀, á ní, "Tún un ṣe." Odindi oṣù kan ló fi ń dà á nù kí ó tó mu ọ̀kan tán. Léonie kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún?

Ó dìde. "Gbé agolo yẹn wá," ó ní.

Pàǹtírí ló rò pé òun yóò bá nínú rẹ̀. Ó ṣí i, òórùn náà sì là á lójú. Ewé pẹlẹbẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dọ́ pátápátá: àkọ́já ọdún, irú èyí tí Wú máa ń fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Inú wá bí Léonie gan-an. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá iyùn lọ́rùn ajá.

Ó fi omi tuntun kaná, ó yọ ọ́ kí ó tó hó. Ó dà á láti inú ife kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ìka mẹ́ta ló fi mú ewé. Kò dé e. Ewé léfòó, lẹ́yìn náà wọ́n ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró ṣánṣán nínú omi. Ó dúró ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bù ú fún wọn.

Ògúnyínká mu ún. Ó wo inú ife. "Léonie, ṣé o gbàgbé láti fi ewé sí i ni?"

Honorine bú sẹ́rìn-ín. "Omi gbígbóná mà ni!"

"Ẹ má dà wọ́n láàmú," ni Christophe wí, àánú ń ṣe é. "Ó máa ń gba ẹ̀kọ́."

Léonie pòṣé, òṣé tó gùn débi pé adìyẹ tó wà nítòsí sá. Ó kó àwọn ife, ó lọ sí ilé ìdáná. Ẹnu tí ṣúgà ti pa, kí ni wọ́n fẹ́ fi mọ adùn?

Carole tẹ̀ lé e. Ife tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mu ún tán.

"Ó dà bí omi ẹ̀wà tútù," ni Carole wí, "lẹ́yìn náà ni adùn kan wá ń yọ láti ọ̀nà ọ̀fun." Ó gbóòórùn ife náà. "Tántì, òórùn yìí ni mo máa ń gbọ́ láti inú yàrá yín nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ ní oògùn ni."

"Ta ló wà nílé yìí nígbà yẹn tó lẹ́nu tó lè mọ̀ ọ́n?"

"Èmi wà níbẹ̀."

Léonie ń nu ife tó ti gbẹ.

"Ọdún mẹ́sàn-án, Tántì. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó dá a mu. Christophe kò mọ̀ ọ́n sè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ó pe èèyàn."

Léonie fẹ́ pòṣé. Òṣé kò wá. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ọmọdébìnrin tó máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà, tó máa ń béèrè pé ṣé ara Tántì kò yá ni, òun a sì dáhùn láti inú ilé pé kí ó lọ ṣeré.

Níta, Christophe tẹ fèrè mọ́tò. Nígbà tí wọ́n jáde sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agolo fún Léonie bí ẹni ń fi ẹ̀bùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi. "Kí ẹ máa fi kọ́ra, Tántì."

Léonie gbà á. Kò dúpẹ́. Ó di ọwọ́ Carole mú lẹ́yìn mọ́tò.

"Gun alùpùpù sémíjàn wá lọ́jọ́rú," ó ní. "Ìwọ nìkan."

"Kí ni kí n wí fún un?"

"Wí ohunkóhun. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó báyẹn kì í gbọ́ ohun tí èèyàn wí."

Carole rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Léonie padà wọlé, ó ń wá ibi tí oòrùn àti òórùn ẹja gbígbẹ kò ti ní dé ọ̀dọ̀ agolo náà.