Ìyá Sẹ́ẹ̀lì àti Omi Kíkan

"Ẹ gbé jọ́ọ̀gì yẹn sílẹ̀!"

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ò tíì bọ́ bàtà tó fi figbe ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù tí àìsàn ti lé kúrò nídìí ọkọ̀, jókòó sórí àga bí ọba, ó ń fi ṣíbí po omi. Ogójì hóró fítámínì C ló ti yọ́ sínú omi náà. Ó gbé e dà sọ́nà ọ̀fun, ó fajú ro, ó gùnfẹ̀.

"Ó kan ju ọ̀rọ̀ àna lọ," ló wí.

"Ìyàwó yín pè mí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ò ti lọ gba abẹ́rẹ́ yín. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lẹ fi ń ṣeré yìí, Bùọ̀dá! Òpònú wo ló ní kí ẹ má lọ sí ọsibítù mọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rọra nu ẹnu. "Ìwọ ni."

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì gbé jọ́ọ̀gì kúrò níwájú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ní láàbù tó ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì kan ti sọ di jẹjẹrẹ, irú èyí tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà gan-an. Ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń pààrọ̀ omi wọn, kò jẹ́ kí òtútù mú wọn. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, ó da fítámínì C sí wọn, wọ́n sì kú bí ewé tí oòrùn pa. Kó tó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ rárá ló ti gbé fóònù: "Bùọ̀dá, wọ́n ti kú! Gbogbo wọn!"

"Inú abọ́ ni wọ́n ti kú," ló wá ń sọ báyìí. "Abọ́ kì í ṣe èèyàn. Epo bẹntiróò náà á pa wọ́n nínú abọ́. Ṣé ẹ máa mu bẹntiróò?"

"Ọkọ̀ mi ló ń mu ìyẹn."

"Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́!"

"Abẹ́rẹ́ tó ń mú mi bì bí ọmọ ọwọ́? Tó gbọn irun orí mi dànù, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní gílóòbù? Ohun tí àbúrò mi fojú ara rẹ̀ rí ni mo gbà gbọ́. Àfi tó bá jẹ́ pé o purọ́ fún mi."

Inú bí i débi pé ọ̀wọ̀ fò bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Olóríkunkun ni ìwọ ọkùnrin yìí!" Ó já ìlẹ̀kùn gbàà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá, ni wọ́n tún dá fún un. Dókítà ní tí kò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, àìsàn náà lè kọjá agbára àwọn."

Ìbínú ló gbé e dé láàbù. Ó fẹ́ kọ iye fítámínì tó pa àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn sílẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí i pé kò sẹ́ni tó lè mu ún tán lẹ́nu, àfi tó bá di igi ọsàn. Ó wọn lúbúlúbú náà, ó po ó, ó bù ú sínú omi oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì. Aláwọ̀ osùn ni omi ọ̀hún máa ń jẹ́; tí kíkan bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, á di aláwọ̀ ìyeyè. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti di ìyeyè.

Ó dúró gbagidi. Ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kán oògùn tó ń pa kíkan sí i, díẹ̀díẹ̀, kó tó kan sẹ́ẹ̀lì kankan. Ìbínú ló mú un gbàgbé lónìí. Ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn wá ńkọ́?

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" ló wí láàárín eyín. Ọ̀gá rẹ̀ yẹn, tó ń kánjú bí adìyẹ tí òjò ká mọ́ta! Òun ló máa ti pò ó lọ́jọ́ náà. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ síwájú láti fi mú un. Ìwọ̀n wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ti kíkan sí, ó ṣófo. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà kéré, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí ìbàdí ń dùn.

Ọwọ́ tirẹ̀ ni.

Ó pa ìwé dé. Ó tún un ṣí. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ni.

Ó bu sẹ́ẹ̀lì tuntun sínú abọ́ mẹ́ta. Ó fi fítámínì C tó kan sí àkọ́kọ́, ó fi èyí tó ti pa kíkan rẹ̀ sí ìkejì, ó sì fi ásíìdì mìíràn, tí kò ní fítámínì kankan nínú, sí ìkẹta. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò nínú àpótí olóoru. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kán aró sí wọn: òkú sẹ́ẹ̀lì ló ń gba aró, alààyè kì í gbà á. Abọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn gba aró. Ìkẹta, gbogbo wọn gba aró. Nínú ìkejì, díẹ̀ ló gba aró. Ìyókù sanra dáadáa, wọn kàn ò bímọ tó ti tẹ́lẹ̀ ni. Fítámínì dín eré wọn kù lóòótọ́. Kíkan ló pa wọ́n.

"Ẹ kú oríire," ló sọ fún ara rẹ̀. "Ẹ fi kíkan pa sẹ́ẹ̀lì, ẹ fẹ́ fi ayọ̀ pa ẹ̀gbọ́n yín."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń so táì nígbà tó wọlé bá a. Àlejò ń bọ̀ láago mẹ́wàá wá gbọ́ nípa àwọn òkú sẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó ka ìwé tí Ìyá Sẹ́ẹ̀lì ṣí síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ yọ.

"Àárọ̀ yìí lo tó rí eléyìí?"

"Àṣìṣe mi ni, sà."

"Pa á dé. Tí wọ́n bá lọ tán, a ó wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń mu ún, sà! Tí ẹ bá tún sọ ọ́ lónìí, ẹ̀gbọ́n ta ló tún máa mu ún?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n lu tábìlì. "Jáde!"

Ó ti débi ìlẹ̀kùn nígbà tí igbe kejì bá a lẹ́yìn. "Fi ìwé yẹn sílẹ̀! Kí lo fẹ́ kí n kà fún wọn? Tí ojú bá máa tì mí, kó tì mí délẹ̀. Ìwọ náà á sì dúró tì mí."

"Láago mẹ́wàá, sà, mo ní ibi tí mò ń lọ." Ó gbé ìwé lé e lọ́wọ́, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ń ka hóró sínú jọ́ọ̀gì nígbà tó dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Àṣé omi kíkan lásán ni mò ń mu láti ọjọ́ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá."

"Eyín ń ro mí! Inú ń ta mí! Ìwọ tí mo fi ń yangàn láàárín àwọn dírẹ́bà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Má bẹ́ẹ̀ ni mí!" Ṣíbí fò, ó ba ògiri. "Ta ló fẹ́ gbà ẹ́ gbọ́ mọ́?"

"Ẹ má gbà mí gbọ́. Dókítà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ máa bú mi lọ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé òpó ilé ni, ó jáde lọ sídìí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀. Láyé rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni wa òun rí. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé.

"Wà á," ló wí, kò wojú rẹ̀. "Má sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a ó fi débẹ̀."

Ìyá Sẹ́ẹ̀lì kó sídìí ọkọ̀. Ó ṣáná sí i. Nínú dígí, ó rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa bẹ́líìtì kọjá àyà, ó fọwọ́ wá ojú ihò rẹ̀, ó sì tì í pa.