Àmì Orí Ọpẹ́

"Ó ti lọ!" Olóhùn-iyọ̀ ju fóònù sórí aṣọ tó ń rán, bí ẹni tó ṣèèṣì di iná mú.

"Kí ló lọ, Màmá?" Akọ̀wé yọrí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ímeèlì ọpẹ́ tí o ní kí n kọ sí Màdáámù ọ̀gá wa."

Lánàá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Olóhùn-iyọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tó ti máa ń rán yunifọ́ọ̀mù, tó ń kọrin, tí àwọn tó ń kọjá ní títì á sì máa gbè é. Wọ́n gbé e wọ sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn: ilẹ̀kùn kan, gílóòbù kan, ògiri yíká. Wọ́n ní ìgbéga ni, ó ti di olórí sítọ́ọ̀. Olórí ta ni? Olórí ìdì aṣọ! Bó bá sì dá orin, ògiri á máa sín in jẹ.

Akọ̀wé ló ti kìlọ̀ láàárọ̀: "Ẹ fi ímeèlì dúpẹ́ lónìí o, Màmá. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ sì fi àmì sí i dáadáa. Màdáámù kì í ka Yorùbá tó wà níhòòhò."

Àmì kẹ̀! Ìwé kejì ni Olóhùn-iyọ̀ kà dé. Fóònù ló bá a ṣe é. Bó ti tẹ ọpẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tò síwájú rẹ̀, tí wọ́n jọra bí ọmọ ìyá. Ó mú èyí tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù, kí ọ̀wọ̀ náà lè pọ̀.

Akọ̀wé gba fóònù, ó kà á sókè: "Màdáámù mi àtàtà, ẹ ṣẹ̀ gan-an. N kò ní gbàgbé láéláé."

Ó rọra jókòó sórí ìdì aṣọ. "Màmá. Ẹ ṣé kọ́ lẹ kọ o. Ẹ ní wọ́n ṣẹ̀!"

"Yéè! Pè é padà!"

"Ṣé ewúrẹ́ ni? Ímeèlì kì í gbọ́ ìpè."

Akọ̀wé sá jáde kí wọ́n má baà bá a níbẹ̀. Ilẹ̀kùn sé gbàà.

Ta ni yóò tún gba arúgbó síṣẹ́? Ta ni yóò sì bọ́ àwọn ọmọ ọmọ tó wà nílé? Kò sí ibi tí ojú rẹ̀ lè sá sí, ògiri ṣáá ni. Ó bá ń fi orin kùn lábẹ́nu:

"Abẹ́rẹ́ mi, ṣe jẹ́jẹ́ o,
ọwọ́ tó ń tì ọ́ lo fẹ́ gún."

Ògiri gbè é.

Fóònù dún. Màdáámù ti fèsì, àmì rẹ̀ sì pé pérépéré: "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín, Ìyá?"

Olóhùn-iyọ̀ sáré tẹ̀ ẹ́ pé àṣìṣe ni, kí wọ́n má bínú. Ó ku kó fi ránṣẹ́. Ìka rẹ̀ dúró. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ fún wọn níbí, ta ló bi í léèrè rí?

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó tẹ ìdáhùn rẹ̀, "fèrèsé", láìfi àmì kankan sí i. Fóònù tún gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú rẹ̀ kó mú.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.