Ìṣẹ́jú Kẹrin Ẹ̀kọ́ Kẹta

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yẹ àkọsílẹ̀ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo fídíò ẹ̀kọ́ orí fóònù tí wọ́n ṣe fún àwọn mẹkáníìkì Suame Magazine, àdúgbò àwọn atúnmọ́tò-ṣe tó jìnnà sí Accra, wò. Iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì nìyẹn. Àwọn mẹ́rìnlélógún ló ń kọ́ ọ, ìṣẹ́jú kẹrin ẹ̀kọ́ kẹta ni gbogbo wọn sì ti ń dá fídíò padà sẹ́yìn, àwọn mìíràn tó ìgbà mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ le jù fún wọn.

Ọ̀gá mi ní kí n lọ bi àwọn fúnra wọn. Inú bí mi. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ tí àkọsílẹ̀ ò tíì sọ?

Nígbà tí mo débẹ̀, tí mo tan ìṣẹ́jú kẹrin náà, Bùọ̀dá Waheed, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀ láti ogún ọdún, nu ọwọ́, ó gba fóònù mi, ó gbé e sétí. Kò wo àwòrán rárá.

"Àbúrò, gbọ́."

Ohùn olùkọ́ ni mo gbọ́, tó ń ṣàlàyé oríṣi ọ́ìlì níwájú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

"Fi olùkọ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni kí o gbọ́. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń kan kọ́kọ́kọ́ ni? Alfred tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ní tápẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Èmi ní bíárìn ni. Láti ọjọ́ tá a ti gbọ́ ọ la ti ń tún un gbọ́, tá a ń jiyàn."

Mo bi í bóyá ẹ̀kọ́ náà le.

"Ó rọrùn," ni Waheed wí, ó dá fóònù mi padà. "Ṣáà bá wa sọ fún olùkọ́ yín pé kó má gbé mọ́tò yẹn dé Accra."