Ibi tí Híńjì Kọjú Sí

Ọjọ́ tí ìyàwó ọmọ Ìyá Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí tún ilé ṣe, ó ní ohunkóhun tó bá ti gbó, kó jáde. Fèrèsé onípákó jáde, onígíláàsì tó ń yọ̀ lórí irin wọlé. Ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án ni olóògbé káfíńtà, ọkọ Ìyá, fọwọ́ ara rẹ̀ kàn sínú ilé náà. Méje nínú wọn di igi ìdáná. Ìyá dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń wo bí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣe ń di èéfín, ara rẹ̀ ń gbóná.

“Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà,” ó sọ ọ́ kí ìyàwó lè gbọ́.

“Àkísà náà la ń sun yìí, Màmá,” ìyàwó fèsì.

Ó ku ilẹ̀kùn méjì. Ọ̀kan ni ti yàrá ẹrù, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni. Èkejì ni ti yàrá Ìyá gan-an, ìrókò gidi, tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un lọ́dún tó bí ọmọ wọn. Ìyàwó fi èékánná ha ìrókò yẹn, ó rí bí igi inú rẹ̀ ṣe ń dán, ojú rẹ̀ là. Ẹni tó ti ń pe gbogbo nǹkan ní pàǹtí látàárọ̀ o! Ó ní kí wọ́n ha á, kí wọ́n kùn ún ní fánìṣì, kí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ níbi tí àlejò á ti máa rí i.

“Kí ni màá wá fi sẹ́nu ọ̀nà tèmi?” Ìyá bi í.

“Ti yàrá ẹrù wà ńlẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má fi nǹkan ṣòfò.”

Ẹ wo ìwọ̀sí! Ìta ni bóótì, irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, máa ń wà, torí ẹrù kì í sé ara rẹ̀ mọ́lé. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà Ìyá, ìta náà ni bóótì yẹn dúró sí.

Káfíńtà tó ń gbé e kọ́, ọwọ́ ọkọ Ìyá ló ti kọ́ṣẹ́, irùngbọ̀n òun náà ti funfun báyìí. Ìyá bi í pé bóótì ńkọ́.

“Mo fẹ́ yọ ọ́, Màmá. Ìyàwó yín ní kí n fi sílẹ̀, kí ihò má bàa hàn lára ọ̀dà.” Ó tẹ orí ba, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àmọ́ ẹ rántí ohun tí ọ̀gá mi máa ń sọ: ẹni tí híńjì bá kọjú sí ló ni ilẹ̀kùn.” Ó kán òróró sí híńjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó so ilẹ̀kùn mọ́ ògiri, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ìyá gba ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ-má-jà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu.

“Wá wo ohun tí ìyàwó rẹ ṣe! Bóótì wà níta! Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?”

“Màmá, ẹ má jà. Bóótì lásán ni.”

“Bóótì lásán? Ó yá, ìwọ lọ sùn níbẹ̀!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jà.”

Ìyá pòṣé. Kò dá ọmọ lẹ́bi. Lójú tirẹ̀, obìnrin yẹn ló ti gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ òun. Ó dá a lójú pé lọ́jọ́ kan, ìyàwó á ti bóótì yẹn mọ́ òun, ọmọ òun á fojú ara rẹ̀ rí i, á sì mọ irú ẹni tó fẹ́. Ọjọ́ yẹn ló ń retí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni òun àti ìyàwó fi ń kí ara wọn bí ẹni ń sọ̀kò.

Ní Sátidé kan, ọ̀gá ìyàwó níbi iṣẹ́ fẹ́ wá wo ilé tuntun. Láàárọ̀ ni Ìyá ti kéde ní pálọ̀.

“Kí wọ́n wá o. Èmi ni màá sọ fún wọn ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ń yìn.”

“Màmá, tẹ́ ẹ bá dójú tì mí lónìí, èmi pẹ̀lú yín—”

“Ìwọ pẹ̀lú mi ni kí ni? Parí ẹ̀!”

Ẹ-má-jà dúró láàárín wọn, àga lọ́wọ́, òógùn ń bò ó.

Lọ́sàn-án, Ìyá na ẹ̀yìn díẹ̀. Ó gbọ́ kí irin ró gbá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde, ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó gbá a, ó pariwo pé, “Ọmọ mi o!” Ńṣe ni wọ́n yí rédíò sókè ní pálọ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rín àlejò tí ń wọlé. Ìtọ̀ sì ń gbọ̀n ọ́n.

Inú bí i gan-an. Síbẹ̀, inú rẹ̀ tún dùn. Ọjọ́ ti pé! Ọwọ́ ti tẹ ìyàwó!

Ó wo ilẹ̀kùn. Híńjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí i, òróró káfíńtà ṣì ń dán lára wọn. Ó fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú òòlù kékeré ọkọ rẹ̀ àti ìṣó ńlá kan. Ó fi ìṣó ti irin tó wà láàárín híńjì láti ìsàlẹ̀, ó lù ú. Irin náà fò jáde wẹ́rẹ́. Ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta, ó fa pákó yẹn kúrò, ó gbé e ti ògiri. Ó kọ́kọ́ lọ tọ̀ ná. Èèyàn kì í fi ìtọ̀ sínú ja ìjà.

Nígbà tó kó òòlù, ìṣó àti irin híńjì dé pálọ̀, ọ̀gá ìyàwó ń fọwọ́ pa ìrókò lára.

“Ilẹ̀kùn yìí mà dára o! Níbo lẹ ti rà á?”

“Ọkọ mi ló kàn án,” Ìyá wí. “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má bínú pé n ò tètè wá kí yín, wọ́n sé mi mọ́lé ni.” Ó da irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì láàárín ife, ó kọjú sí ìyàwó. “Sọ fún wọn! Sọ fún ọkọ rẹ! Ìwọ lo sé mi mọ́lé bí àpò sìmẹ́ńtì!”

Ìyàwó la ẹnu sílẹ̀. “Èmi kọ́. N ò débẹ̀ látàárọ̀.”

“Irọ́ lò ń pa!”

“Màmá.” Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tuntun, ó ń tì í síwá, ó ń tì í sẹ́yìn. “Ẹ má jà. Èmi ni. Mi ò fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ lójú àlejò ni. Tí wọ́n bá ti lọ, mo fẹ́ ṣí i.”

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyàwó burú, ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó bí ló gbọ́ ohùn òun nínú yàrá yẹn, tó sì yí rédíò sókè. Èyí dùn ún ju bóótì lọ.

“Mo rò pé obìnrin yìí ni,” ó wí jẹ́jẹ́. Ó fi òòlù àti ìṣó lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. “Yọ ilẹ̀kùn bàbá rẹ. Gbé e padà sí yàrá mi.”

“Màmá, àlejò—”

“Báyìí báyìí.”

Ẹ-má-jà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó gbé ojú kúrò. Ọ̀gá ti ń wá báàgì rẹ̀. Ẹ-má-jà bá kúnlẹ̀ nídìí ìrókò, ó bẹ̀rẹ̀ sí lu irin híńjì láti òkè. Ọmọ káfíńtà!

“Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń lù ú,” Ìyá wí.

Ó dúró tì í títí ó fi yọ ẹ̀kẹta. Ìrókò wúwo, ọmọ rẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbé e kọjá láàárín àlejò. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ náà ò ràn án lọ́wọ́.