Gàárì Ìdílé Akínlabí

Ó pẹ́ tí mo ti ń retí Akínlabí. Ẹ má bi mí bóyá mo ti dárí jì í. N kò dárí jì í. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá dé ibi ìdáríjì nínú Àdúrà Olúwa, màá pa ẹnu mi dé títí wọ́n á fi kọjá ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìkẹ̀rẹ́, òun àti Beatrice ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń fa ẹṣin pupa kan bọ̀.

"Rìnsọ́lá, ọmọ Bámijókò," ó ní, "ẹṣin yìí fẹ́ dójú tì mí o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ṣubú ni. Ọ̀la sì ni ìwúyè mi ní Ìsẹ̀, gbogbo ará ulé wa tó wà l'Ékòó ló ti dé."

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn gàárì mọ́ ẹṣin lẹ́yìn, bí télọ̀ ṣe ń wọn ṣòkòtò mọ́ èèyàn nídìí. Jọ́ọ̀sì ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù pólò. N kò tíì rí ẹlòmíì tó ń ṣe é ní agbègbè wa, Akínlabí náà kò sì rí. Ìdí tó fi wá nìyẹn, kì í ṣe pé ojú ń tì í.

Mo wo gàárì ẹ̀yìn ẹṣin náà. Òun náà ni! Ní ìdílé wọn, ẹni tó bá fẹ́ joyè gbọ́dọ̀ jókòó lórí gàárì bàbá ńlá wọn, tòun ti fẹ́lífẹ́ẹ̀tì àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin kúkurú tín-ín-rín ni bàbá ńlá wọn ní, ara ìyẹn ni wọ́n gbẹ́ igi inú gàárì mọ́. Ẹṣin tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ní láti fara dà á.

Nígbà tí Akínlabí jẹ oyè àkọ́kọ́, abo ẹṣin bàbá mi ló wá yá. Bàbá mi ní gàárì yẹn há. Akínlabí ní kò burú, ó ká ìró méjì sábẹ́ rẹ̀ kó lè rọ̀. Ẹ gbà mí! Bàtà há ọ lẹ́sẹ̀, o tún wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì kún un! Ó gun ẹṣin náà láti Ìsẹ̀ dé Èmùré, ó tún gùn ún padà. Nígbà tí wọ́n tú gàárì, awọ ejìká ẹṣin náà bá a bọ́. Egbò náà kẹ̀ títí ó fi kan egungun, ẹṣin kú. Akínlabí kò yọjú. Ó ránṣẹ́ pé, "Ẹ má bínú, ẹranko ṣáà ni." Bàbá mi kò ní ẹṣin mìíràn mọ́ títí òun náà fi kú.

Ohun tí mo pinnu kò le. Màá fa bẹ́líìtì abẹ́ ikùn ẹṣin yìí le sí i, màá ní, "Ó ti dáa, ẹ máa lọ." Lọ́la, lójú gbogbo ará Èkó pẹ̀lú fóònù wọn, ẹṣin á sọ Akínlabí mọ́lẹ̀ gbì! Mo fa bẹ́líìtì náà lóòótọ́. Ẹṣin pa etí mọ́lẹ̀, ó yíjú wò mí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ gàárì, ìka mi kò kọjá. Ọkùnrin yìí tún ti ká ìró síbẹ̀! Ọwọ́ mi kọ̀. Mo tú u, mo gbé gàárì kúrò. Gbogbo ẹ̀yìn ẹṣin ló làágùn, àfi orí ejìká níbi tí igi ti tẹ̀ ẹ́ pa, òógùn kò ráyè jáde, ibẹ̀ gbẹ táútáú.

Àánú ẹṣin ló ṣe mí o. Ti Akínlabí kò ṣe mí.

"Mo ní gàárì tó máa bá a mu," mo ní. "A ó tẹ́ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì yín lé e, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ wọn tiyín yìí ná."

"Wọ̀n ọ́n."

"Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹlẹ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo fẹ́ wọ̀n ọ́n mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín tán. "Èmi tí mo fẹ́ joyè lọ́la? Ṣé orí rẹ pé?"

"Ó pé. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ fa ẹṣin yín, ẹ máa re ulé."

Beatrice yọjú wo ọ̀nà. "Kò sẹ́ni tó ń bọ̀, bàbá Joy," ó ní. "Ẹ ṣe é ká lè lọ."

Akínlabí ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo gbé gàárì bàbá ńlá rẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo fa bẹ́líìtì gba abẹ́ ikùn rẹ̀, mo sì jókòó lé e. Èmi ọmọdé tó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí i!

"Yéè! Ó ń gún mi léjìká! Rìnsọ́lá, jọ̀ọ́!"

"Ṣé ká ká ìró méjì sábẹ́ ẹ̀ ni?"

"Mo bẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé nítorí ẹṣin bàbá rẹ ni. Mo ṣẹ̀, dárí jì mí."

Ó dùn mọ́ mi, n kò ní parọ́. Mo ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan ti kan ilẹ̀.

"Kí lorúkọ ẹ̀?" mo bi í.

"Orúkọ ta ni?"

"Ẹṣin tí ẹ pa. Bàbá mi sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ náà, ó ní kí ẹ máa fi pè é."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Beatrice gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Eruku ń lẹ̀ mọ́ òógùn ojú Akínlabí.

"Má bínú," ó ní. "Mi ò rántí."

Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, mo sì jókòó dáadáa.