Omidùn Inú Fíríìjì

“Màámi, kí lẹ fún un mu? Mo ní kí lẹ fún un mu?”

Kí Ìyá Láyí tó lanu, Mojísọ́lá ti já kọ́ọ̀bù gbà lẹ́nu ọmọ. Ìyókù àgbo inú ẹ̀ dà sílẹ̀ kíṣìnì, ó ta sí Ìyá Láyí lẹ́sẹ̀. Ọmọ bú sẹ́kún. Ẹnu ya Ìyá Láyí, kò leè pa á dé. Láti ọjọ́ tí Láyí ọmọ ẹ̀ ti gbé ọmọbìnrin yìí níyàwó, kò jágbe mọ́ ọn rí. Ẹni tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ gbé omi fún un, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná! Òun náà ló wá ń wò ó báyìí bí ẹni tó mú májèlé wọlé?

“Ìyàwó mi, kí ló dé? Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí mà ni. Inú ló ń run Ìyanu láti àárọ̀. Ìwọ náà mu irú ẹ̀ nígbà tó o lóyún ẹ̀, àbí o ò mu ún?”

“Mi ò bèèrè àgbo, Màámi. Omi tẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́ ni mò ń bèèrè. Níbo lẹ ti rí omidùn?”

“Nínú fíríìjì náà ni. Nísàlẹ̀ níbi tá à ń kó ẹ̀fọ́ sí. Ṣebí ìwọ lo gbé e síbẹ̀?”

Mojísọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ìyá Láyí kò mọ ohun tó burú níbẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń wá omidùn kiri. Àwọn tó ń ta ògì ní Edjeba níbi tí Láyí ń gbé, àkàmù ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì ti da gbogbo omi orí ẹ̀ nù kí wọ́n tó gbé e jáde, bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Ó ti bó èèpo mọ́ńgòrò, ó ti gún aáyù, ó ti ń ronú àtifi omi lásán rẹ ẹ́, ló bá ṣí fíríìjì, ló bá rí ọ̀rá dúdú kan. Ó tú u. Àwọn ike kéékèèké ló wà níbẹ̀, omidùn kún inú wọn. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó kan! Kíkan tó ń ta síni nímú bí omidùn ilé ìyá ẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Àní ó dúró níbẹ̀ ó ṣàdúrà fún ìyàwó ọmọ ẹ̀ pé Ọlọ́run á máa bá a tọ́jú tiẹ̀ náà.

“Ìdérí wo ló wà lórí ike tẹ́ ẹ mú?” Mojísọ́lá bèèrè. “Pupa ni àbí búlúù?”

“Méjèèjì. Mo da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ni. Mo ti fọ àwọn ike ẹ fún ẹ, wọ́n wà lójú wíńdò.”

Lóòótọ́, wọ́n wà lójú wíńdò, wọ́n mọ́ tónítóní, ìdérí pupa àti ìdérí búlúù wà nínú abọ́ kan náà.

Gbogbo ilé ló mọ iṣẹ́ tí Mojísọ́lá ń ṣe ní yunifásítì. Ó máa ń lọ gba omidùn lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń lọ ògì ní Ugborikoko àti Ekete, á gbé e lọ sí lẹ́ẹ̀bù, á máa wo àwọn kòkòrò tójú lásán ò lè rí tó ń mú un kan, bóyá wọ́n lè pa èyí tó ń ṣe ọmọdé ní jàǹbá. Ìyá Láyí fẹ́ràn iṣẹ́ yìí púpọ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì fi ohùn ránṣẹ́ sí lórí fóònù nípa ẹ̀ ní gbogbo ìdílé, pé ìyàwó òun ń fi omidùn kọ́ àwọn òyìnbó lẹ́kọ̀ọ́. Ohùn tiẹ̀ sì máa ń gùn! Láyí ní òun máa ń gbọ́ ọ nígbà tóun bá ń jẹun lórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo, oúnjẹ á tán, ìyá òun ò ní tíì parí ìkíni.

“Màámi, omidùn lásán ló wà nínú ti búlúù. Èyí tó wà nínú ti pupa, mo ti fi kòkòrò àrùn sí i.”

“Kòkòrò àrùn báwo?”

“Èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá omidùn á pa á ni.” Ó gbé ọmọ mọ́ra. “Òun ló ń pa àwọn ọmọdé, Màámi.”

Ìyá Láyí jókòó sílẹ̀ sínú àgbo tó dà sílẹ̀ náà. Ràódàt, ó ń pe ara ẹ̀ nínú, Ràódàt, kí lo fọwọ́ ẹ ṣe yìí? Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu ẹ̀, ó gbóná.

“O wá gbé ohun tó ń pa ọmọdé wọnú ilé tọ́mọdé wà?”

“Iná ò sí ní lẹ́ẹ̀bù! Jẹnẹrétọ̀ ti kú, fíríìjì ti ń gbóná, gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún tó kọjá ni ì bá bàjẹ́. Mo ní kó kàn sun ibí lálẹ́ àná péré. Nígbà tí mo dé, ẹ ń kírun. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀ láti lọ wò ó bóyá iná ti dé, ẹ ń sùn. Mo sì fi ohùn ránṣẹ́ sí yín, Màámi! Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rá yẹn!”

Kí gbogbo ayé gbọ́ ohùn tiẹ̀ ni Ìyá Láyí mọ̀. Ta ló ráyè gbọ́ tẹlòmíì?

Mojísọ́lá tún rò ó díẹ̀, ojú ẹ̀ sì rọ̀. “Ẹ dúró ná. Omidùn yẹn kan gan-an. Kíkan ẹ̀ ló ń pa kòkòrò yẹn. Ó lè jẹ́ pé ó ti pa á kẹ́ ẹ tó...” Ó wo ìdí kẹ́ẹ̀gì. Nǹkan funfun kan silẹ̀ síbẹ̀. “Màámi. Ṣé ẹ ò fi kán-ún sí i?”

“Mo fi sí i. Ó kan jù, ọmọ ò ní lè mu ún. Kán-ún ló gba kíkan ẹ̀.”

Mojísọ́lá gbé ọmọ, ó jáde láìwọ bàtà, Ìyá Láyí sì sáré tẹ̀ lé e.

Nínú kẹ̀kẹ́, Ìyanu ti gbàgbé ẹkún. Ó ń ka àwọn ọ̀kadà. “Grandma, na where we dey go? We go buy ice cream?” Ìyá Láyí di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, bí ẹni pé ó fẹ́ fò jáde. Ẹsẹ̀ kékeré yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń wá ibà níbẹ̀, kò rí i, síbẹ̀ ara ẹ̀ ò balẹ̀.

Ní ọsibítù kékeré tí wọ́n lọ, Dókítà Festus tẹ ikùn ọmọ, ó wo ojú ẹ̀, ó wo ahọ́n ẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé àgbo ni, ó yíjú sí Ìyá Láyí.

“Mama, una no dey ever hear! Small pikin like this, una go dey pour am agbo. If the kidney spoil now, na who you go hold?”

Ìyá Láyí wo Mojísọ́lá. Ó ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ ike pupa. Mojísọ́lá ń wo ilẹ̀.

“Na only agbo e drink?” Dókítà bèèrè.

“Na only the agbo, Doctor,” ni Mojísọ́lá fèsì. Ló bá dárúkọ oògùn kan tó fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ náà. Dókítà ní ṣé Mojísọ́lá ni dókítà ni, pé kí wọ́n jókòó ná, àwọn á máa ṣọ́ ọmọ náà.

Ìyàlẹ́nu tí Ìyá Láyí rí ní kíṣìnì, kékeré ni. Èyí wá jù ú lọ. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ìyàwó ọmọ ẹ̀ bí àjèjì.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́.” Mojísọ́lá ti kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, ó di ìró ẹ̀ mú. “Èèwọ̀ ni kéèyàn gbé nǹkan yẹn kúrò ní lẹ́ẹ̀bù. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé mi, kò sì síbòmíì tó máa gbà mí mọ́. Ẹ wò ó, kò tíì yàgbẹ́, ó ń ṣeré. Tí nǹkan kan bá ṣe é, màá sọ. Mo búra, màá sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí Láyí gan-an gbọ́.”

Lóòótọ́, Ìyanu ń gun àga kiri. Ọkàn Ìyá Láyí sì rọ̀. Kí ló kù tí wọn ò tíì bú òun fún tẹ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ pé àgbo ni wọ́n fẹ́ máa pè é, kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó mi orí pé òun gbà.

Ó yọ fóònù ẹ̀ kó má baà sunkún. Ohùn Mojísọ́lá wà níbẹ̀ láti ìdájí, kò tíì gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́. “Màámi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rá dúdú kan wà nísàlẹ̀ fíríìjì, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá...” Kò gùn. Kéèyàn tó ṣẹ́jú mélòó kan, ó ti tán.

Òmíràn sì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mercy ni, aládùúgbò wọn. Ìyá Láyí tẹ òun náà.

“Mama Layi! God go bless you for me o. That your medicine wey you give me this afternoon, Marvellous don drink small, e don sleep. I wan wake am make e drink the remaining before night. Abeg, e get wetin e no suppose chop join am?”

Ìyá Láyí ti gbàgbé! Ọ̀sán yìí náà ni Mercy ké sí i látẹ̀yìn ògiri pé inú ń run Marvellous, Ìyá Láyí fúnra ẹ̀ ló rọ àgbo náà sínú ìgò fún un. Marvellous tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú.

“Màámi,” ni Mojísọ́lá wí, ojú ẹ̀ ti funfun, “ta lẹ tún fún?”

“Ọmọ Mercy.”

Ìyanu fò sílẹ̀ látorí àga, ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Láyí dìde. Mojísọ́lá ò tíì fi ìró ẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀ fọwọ́ rọra tú ìka ẹ̀ kúrò lára aṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà téèyàn bá ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tó sùn lọ.

“Ọmọ mi ni ẹ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n Mercy náà bímọ.”

Mojísọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà, ó kọjá níwájú ìyá ọkọ ẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n sọ fún dókítà fúnra mi, Màámi. Èmi ni mo mọ orúkọ kòkòrò yẹn.” Ó kan ilẹ̀kùn Dókítà Festus, ó wọlé.

Ìyá Láyí tẹ ibi tó máa ń tẹ̀ láti fi ohùn ránṣẹ́. Ó ti gbé fóònù sẹ́nu, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ló bá rántí ohùn tó sùn sínú fóònù tiẹ̀ láti ìdájí. Ó yọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀, ó pe Mercy.

Ó dún, ó dún. Mercy gbé e.

“Mama Layi, I for don wake am—”

“Mercy, no give am again,” ni Ìyá Láyí wí. “Carry the pikin, carry the bottle, dey come hospital now. Na me cause am. I dey wait for gate.”

Ó sì jáde lọ dúró sẹ́nu géètì.