Tábìlì Tó Há Sórí Àtẹ̀gùn

ÈGÉ 3

…ọ̀tún, mo ní ẹ yí i sọ́tùn-ún.

AWAKỌ̀: Ọ̀tún tèmi àbí ọ̀tún tiyín, Bàbá?

BÀBÁ: Ọ̀tún tábìlì.

ÌYÁ ÀGBÀ: Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù… Ẹ parí ẹ̀ fúnra yín, ọmọdé wà níbí.

Ọ̀RỌ̀PỌ̀: Mo mọ ìparí ẹ̀.

ARÁNṢỌ: Panu ẹ mọ́.

BÀBÁ: Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

AWAKỌ̀: Bàbá, ó ku díẹ̀ —

BÀBÁ: Mo ní ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò gbà.


ÈGÉ 1
(òun ló yẹ kó ṣáájú, ẹ má bá mi wí, bí mo ṣe rí wọn nílẹ̀ ni mo ṣe ń ṣà wọ́n)

Aránṣọ rí iṣẹ́ sí ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ fèrèsé fún ilé ìwòsàn àti ilé ìtura. Ó ní òun ò ní lọ bí gbogbo ilé ò bá ní lọ. Gbogbo ilé náà nìyí: òun, ọkọ rẹ̀ Awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì, ọmọ wọn obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀pọ̀, Bàbá tó bí Awakọ̀, àti Ìyá Àgbà tó bí Bàbá. Ìyá Àgbà gbà kíá. Ó ní òun ti gbọ́ pé omi ń jáde lára ògiri níbẹ̀, òun sì fẹ́ fojú ara òun rí i.

Bàbá ò gbà, kò sì kọ̀. Káfíńtà ni. Lọ́dún tí wọ́n bí Awakọ̀ ló kan tábìlì kan, inú pálọ̀ gan-an ló ti kàn án, pákó kan ṣoṣo sì ni ojú rẹ̀. Àtìgbà náà, ìdílé yẹn ò jẹun níbòmíràn. Nígbà tí Aránṣọ wọlé ọkọ tí kò tíì mojú ẹnì kankan, orí tábìlì yìí ni Bàbá tẹ́ aṣọ sí fún un. Ó ní, “Gé e, má bẹ̀rù. Igi ni, kò lè sunkún.” Sísọ́ọ̀sì yọ̀, ó ṣá tábìlì létí. Bàbá ò fá àpá náà kúrò rí. Ó ní àpá ìyàwó wa ni.

Kí Bàbá tó wọ ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀rẹ́ Awakọ̀ tó kó ẹrù wọn, ó sọ̀rọ̀, gbogbo ilé sì gbọ́: “Ibi tí tábìlì yìí bá ti ráyè, èmi náà ráyè níbẹ̀. Bí kò bá ráyè, ẹ má bínú, n ó padà sílé mi.” Ó yọ férémù fèrèsé kí wọ́n tó lè gbé e jáde. Àmọ́ ó fi àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ó ní ẹni tó kàn ń lọ kí ọmọ kì í ru àpótí irinṣẹ́ lọ.

Aránṣọ rí àpótí yẹn lábẹ́ ibùsùn, ó yé e pé Bàbá ò tíì gbà. Lójú tirẹ̀, ìlú ńlá láìsí Bàbá, ibi iṣẹ́ lásán ni.


ÈGÉ 2

Ìwọ̀n ilé tuntun, bí Aránṣọ ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn páálí nígbà tó lọ wò ó, bí ẹni ń wọn aṣọ:

èjìká ilẹ̀kùn . . . . . . ó gbà, tí a bá fẹ̀gbẹ́ gbé e wọlé
àyà pálọ̀ . . . . . . . . . ó gbà, ó tún ṣẹ́ kù
ìbàdí yàrá Bàbá . . . . ó gbà
ilé ìdáná . . . . . . . . . èèyàn kan, ìkòkò kan
ọrùn fèrèsé . . . . . . . à ń rí gbogbo ìlú
ọwọ́ . . . . . . . . . . . . kò lọ́wọ́

Irọ́ ni. Ó lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn lọwọ́ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹta ó fẹ̀ dáadáa. Láti àjà kẹta lọ sí ìkẹrin, ó fún mọ́ra bí ẹni pé owó ti tán lọ́wọ́ onílé. Àjà kẹrin ni wọ́n sì ń gbé.


ÈGÉ 4

Aṣọ ló ṣeé ṣẹ́ po. Igi ò ṣeé ṣẹ́ po.


ÈGÉ 5

Gbogbo ọjọ́ ayé Aránṣọ, aṣọ ló ń gbé gòkè, aṣọ ló ń gbé sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ kì í há. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òun ò wo àtẹ̀gùn nígbà tó wá wọn ilé, ojú rẹ̀ wà lára fèrèsé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́kún.

Bàbá wò ó. Ó gbé tábìlì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí àtẹ̀gùn ti yí lájà kẹta, ó tì í mọ́ ògiri kí èèyàn lè rí ọ̀nà kọjá. Ó fa àga kan, ó jókòó tì í.

BÀBÁ: Ìyàwó wa.

ARÁNṢỌ: Bàbá, ẹ má bínú.

BÀBÁ: Ta ló ń bínú? Ebi ló ń pa mí.

ARÁNṢỌ: Ṣé kí n gbé oúnjẹ yín wá síbí ni?

BÀBÁ: Tábìlì ò tíì wọlé, kò sì tíì padà sílé. Bí èmi náà ṣe wà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ ní òun ń padà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fún èmi àti tábìlì láyè di ìgbà náà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Oorun ńkọ́? Ṣé orí àtẹ̀gùn náà lo máa sùn?

BÀBÁ: Yàrá ni n ó sùn, Màámi. Oorun ò kan tábìlì.


ÈGÉ 6
(a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri)

ÌKÌLỌ̀
SÍ ẸNI TÓ NI TÁBÌLÌ ÀJÀ KẸTA.
Ojú ọ̀nà kì í ṣe ibi ìjẹun. Ẹ gbé e kúrò kí Sátidé tó tán.
— Alábòójútó Ilé

Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa, ọwọ́ ọmọdé:

ẹ káàsán sà. bàbá wa ló ni ín. kò wọlé ni. ẹ̀wà là ń jẹ lónìí. ẹ máa bọ̀ tí ẹ bá ráyè.


ÈGÉ 7

Aránṣọ gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀
      Awakọ̀ gbé omi
            Ọ̀rọ̀pọ̀ kó ṣíbí, ó jù méjì sílẹ̀
                  Ìyá Àgbà gbé ara rẹ̀
                        gbogbo wọn jókòó ti Bàbá

nítorí a kì í fi àgbà sílẹ̀ kó máa dá jẹun lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tó jí i.


ÈGÉ 9
(ìkẹjọ sọnù, ẹni tó bá rí i kó mú un wá)

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìlú yẹn dùn. Ìyá Àgbà ṣí omi ẹ̀rọ láàárọ̀, ó wò ó, ó tì í, ó tún ṣí i. Ó ní kí wọ́n má pe òun fún nǹkan kan. Ọ̀rọ̀pọ̀ jókòó sójú fèrèsé, ó ń ka ọkọ̀ pupa títí ọkọ̀ fi sú u. Awakọ̀ ṣìnà lọ́jọ́ kìíní, ó gbé búrẹ́dì lọ sí ilé ìfọṣọ, àwọn ará ilé ìfọṣọ sì rà á tán.

Àfi inú ilé tí wọ́n ń gbé ló dákẹ́. Oníkálukú á di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, á wolẹ̀, á kọjá lára ẹ bí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè. Ìyá Àgbà ò mọ irú ìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lè gun àtẹ̀gùn náà tán lẹ́ẹ̀kan, ìdí tábìlì ló ti ń sinmi, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó ń lọ, tó ń bọ̀. “Ẹ kú àtẹ̀gùn o.” “Ẹ kú ẹrù.” Ó kí ẹni tó ń gbé ajá lọ, ó kí ajá.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀJÀ KẸTA: Màámi, èmi lẹ ń kí?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ṣé ẹlòmíràn wà lórí àtẹ̀gùn ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Látìgbà tí mo ti ń gbébí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kí mi.

ÌYÁ ÀGBÀ: Jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ ti wú.

NỌ́Ọ̀SÌ: Màámi, èmi ni nọ́ọ̀sì o.

ÌYÁ ÀGBÀ: Èmi ni mo sì lójú.

Ó jókòó. Lọ́jọ́ kejì, ó mú abọ́ tirẹ̀ wá. Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Àmọ́ bó bá ti jẹun tán, á fọwọ́ pa ojú tábìlì, á béèrè pé ọjọ́ wo la wà. Aránṣọ ò lè jẹun délẹ̀ nítorí ìbéèrè yẹn.


ÈGÉ 6, ẹ̀ẹ̀kejì

ÌKÌLỌ̀ KEJÌ
Sátidé ni mo sọ. Mi ò gbàgbé.
Ẹni tó sì fi iyọ̀ sí ẹ̀wà àná, ó pọ̀ jù.
— Alábòójútó Ilé


ÈGÉ 10

Níbi iṣẹ́ Aránṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ló tò lọ bẹẹrẹ, ariwo wọn dọ́gba bí òjò lórí páànù. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tó ń fi sísọ́ọ̀sì kọ́ ọrùn, ti gbé Aránṣọ kúrò nídìí ẹ̀rọ sídìí tábìlì ìgéṣọ. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìlà. Inú Aránṣọ dùn débi pé ó ń kọrin sínú. Tábìlì náà gùn láti ògiri dé ògiri.

Lọ́jọ́bọ̀, ṣọ́ọ̀kì tó fi ń fa ìlà sára aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ó wòkè.

Tábìlì náà kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n ti gé e sí apá-apá, wọ́n wá fi irin so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀. Ó ti ń gé aṣọ kọjá lórí ojú ìso wọn látìgbà tó ti dé, kò sì mọ̀.

Ó ń dá rẹ́rìn-ín lábẹ́ ibẹ̀.

Ọ̀GÁ: Kí lò ń wá nísàlẹ̀?

ARÁNṢỌ: Ṣọ́ọ̀kì, mà.


ÈGÉ 11
(nídìí tábìlì, lọ́jọ́ náà, ìrẹsì)

ARÁNṢỌ: Bàbá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ má nà mí o.

BÀBÁ: Mo ti nà ọ́ rí?

ARÁNṢỌ: Tábìlì ibi iṣẹ́ wa, wọ́n gé e ni. Wọ́n wá so ó pọ̀.

(Bàbá bu omi mu.)

BÀBÁ: Pákó kan ṣoṣo nìyí.

ARÁNṢỌ: Mo mọ̀, sà.

BÀBÁ: O fẹ́ kí n ti ayùn bọ̀ ọ́.

ARÁNṢỌ: Mo fẹ́ kí ẹ dúró tì wá, Bàbá. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Tábìlì ni mo kàn rí sọ.

(Bàbá fọwọ́ pa àpá etí tábìlì.)

BÀBÁ: Ta ló ṣe ti ibi iṣẹ́ yín yẹn?


ÈGÉ 12
(ohùn tí Awakọ̀ fi ránṣẹ́ lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ń kùn lẹ́yìn rẹ̀)

“Ìyá Ọ̀rọ̀pọ̀, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀ búrẹ́dì o. Ó ní kí n gbé òun wá síbi iṣẹ́ yín. Ó wọ bàtà. Mi ò mọ ohun tó ń wá. Ó ti jẹ búrẹ́dì oníbàárà kan.”


ÈGÉ 12, ìyókù

Bàbá kí Ọ̀gá, ó kí gbogbo àwọn aránṣọ, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n gbọ́ láti ìsàlẹ̀ nìyí:

Ẹ mú iná sún mọ́ mi.

Wọ́n fi irin dè é bí ewúrẹ́.

Ìyàwó wa, wá wo nǹkan.

Ta ló kọ́ ẹni yìí níṣẹ́?

Nígbà tó jáde, eruku ti bo orí rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Aránṣọ ò rí ojú yẹn lára rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dé ìlú. Ọ̀gá bi í bóyá ó lè ṣe èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀.

Bàbá ní, “Ẹni tí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà nítòsí ló ń dáhùn irú ìbéèrè yẹn, mà.”

Títí wọ́n fi délé, Aránṣọ ò mọ̀ bóyá ó ń dúró tàbí ó ń padà.


ÈGÉ 13

Sátidé. Ọkọ̀ akẹ́rù ń fun fèrè nísàlẹ̀. Bàbá ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà. Gbogbo ilé wà nídìí tábìlì, Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, Alábòójútó náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbogbo.

BÀBÁ: Ṣọ́ọ̀kì rẹ dà?

ARÁNṢỌ: Òun rèé.

BÀBÁ: Ìwọ lo wọn ilé. Ìwọ lo máa fa ìlà.

ARÁNṢỌ: Bàbá, bí mo bá ṣìlà ńkọ́?

BÀBÁ: Fà á. Igi ni, kò lè sunkún.

ALÁBÒÓJÚTÓ: Ṣé gbogbo ẹ̀ náà ló ń gòkè ni? Mo kàn ń béèrè ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ bá wa bi wọ́n dáadáa.

(Aránṣọ fi ṣọ́ọ̀kì kan igi.)

BÀBÁ: Dúró. Ìlà rẹ ti sún mọ́ etí ibẹ̀ jù. Fi àyè rírán sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aránṣọ ni Bàbá sọ yẹn. Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó ọmọ rẹ̀ látọjọ́ yìí wá, kò sọ ọ́ rí. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún mọ́ ọn, ó sì fa ìlà náà dé òpin.


ÈGÉ 14

 ———————————————— ¦ —————————

Apá kan tóbi, apá kan kéré. Èwo ló ń wọlé, èwo ló ń dúró sórí àtẹ̀gùn? Wọn ò tíì fẹnu kò. Ìyá Àgbà ti gbé abọ́ rẹ̀ sórí ìlà gan-an, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bi òun.


ÈGÉ 15
(fóònù, ọ̀rẹ́ Awakọ̀ ń pè láti inú ọkọ̀ akẹ́rù nísàlẹ̀)

Ọ̀RẸ́ AWAKỌ̀: Bàbá, mo ti ń dúró o. Ìjókòó iwájú ni mo fi pamọ́ fún yín.

BÀBÁ: Máa lọ, ọmọ mi. Ọjọ́ wo lo tún ń bọ̀?

Ọ̀RẸ́ AWAKỌ̀: Sátidé tó ń bọ̀ yìí náà ni.

BÀBÁ: Tó o bá délé, yà sí ilé mi. A fẹ́ gé tábìlì sí méjì. Wo abẹ́ ibùsùn. Bá mi gbé àpótí irinṣẹ́ mi bọ̀.

Ọ̀RẸ́ AWAKỌ̀: Ṣé kí n kàn mú ayùn nínú ẹ̀ ni?

BÀBÁ: Àpótí ni mo wí.

Ọ̀RẸ́ AWAKỌ̀: Ó wúwo o, Bàbá. Gbogbo ẹ̀?

BÀBÁ: Gbogbo ẹ̀.